Tímà wo ló yẹ kẹ́ ẹ fi máa ṣáájì ọkọ̀ oníná nílé?

Ní Ìlú Ọba níbí, ẹni tó bá wà lórí ètò owó iná tí wọ́n ń pè ní Economy 7 ń rí wákàtí méje lóru tí owó iná rẹ̀ máa ń wálẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jí laago kan òru torí kó lè lọ ki púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń wá tímà. Mẹ́ta ló wà tẹ́ ẹ lè yàn nínú wọn. Owó wọn ò dọ́gba, ewu wọn ò sì dọ́gba rárá.

Tímà kékeré ara ògiri

Èyí tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á wá ki púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ bọ̀ ọ́ lára. Pọ́n-ùn díẹ̀ péré ni. Wọ́n kọ 13 amp sí i, wáyà ṣáájì onípúlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì sábà máa ń gba bí 10 amp, ni ẹni tó ń rà á bá gbà pé kò séwu. Ewu wà ńbẹ̀. Kẹ́tù máa ń gba iná púpọ̀, àmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni. Ọkọ̀ á máa fà á fún wákàtí méje láìsinmi, ooru á sì máa gun ara wọn. Bákan náà, gbogbo ìgbà tí tímà bá já iná nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń fà á, iná máa ń ta pàrà láàárín àwọn irin kékeré inú rẹ̀. Tó bá pẹ́, wọ́n á jó, wọ́n tiẹ̀ lè lẹ̀ pọ̀ kí tímà má lè já iná mọ́.

Mo ra ọ̀kan nígbà òtútù tí mo kọ́kọ́ gba ọkọ̀ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òórùn ike tó ń jó ló jí mi. Ẹsẹ̀ kan lára púlọ́ọ̀gì ti dúdú, àwọn ọmọ mi sì ń sùn lókè. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo jù ú nù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á.

(Ẹ má fi ránṣẹ́ sílé náà. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yìí kan náà la ń lò ní Nàìjíríà lóòótọ́, àmọ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ ni aago onírin inú tímà yẹn máa dúró.)

Tímà inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀

Ẹ ò ní san kọ́bọ̀ lé e. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná, Nissan Leaf ti ní in tipẹ́. Ibi tó ti dára ju ti àkọ́kọ́ lọ ni pé ọkọ̀ àti wáyà ṣáájì máa ń bára wọn sọ̀rọ̀. Tí àkókò bá tó, ọkọ̀ á kọ́kọ́ dẹwọ́ iná tó ń fà, kí swíìṣì inú wáyà ṣáájì tó já iná, iná ò sì ní ta. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì ń ru 10 amp mọ́jú o, torí náà kó jẹ́ èyí tó le dáadáa, ẹ má sì lo ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n. Wákàtí méje á fún yín ní nǹkan bíi 16 kilowatt-wákàtí, ìyẹn bí 50 máìlì. Ó tó ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ tí kò jìnnà.

Àpótí ṣáájì ara ògiri, 7 kilowatt

Ó gba 32 amp lórí wáyà tirẹ̀, oníṣẹ́ iná tó níwèé ẹ̀rí ló sì gbọ́dọ̀ gbé e mọ́ ògiri. Ó lè náni tó ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n wákàtí méje kan náà á fún yín ní 49 kilowatt-wákàtí. Láti June 30, 2022, òfin ní kí àwọn tuntun tí wọ́n ń tà fún ilé ní tímà, kí wọ́n sì wá pẹ̀lú ètò tó ń yẹra fún aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá àárọ̀ àti mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́wàá alẹ́, láàárín ọ̀sẹ̀. Ó tún lè pẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo àdúgbò má baà tan tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò bàjẹ́ o. Ẹ má kàn ṣètò àkókò sínú ọkọ̀ àti sínú àpótí pọ̀. Ẹ mú ọ̀kan.

Tẹ́ ẹ bá ń wakọ̀ jìnnà lójoojúmọ́, àpótí ni kẹ́ ẹ fowó sí. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tímà inú ọkọ̀ ti tó. Lálẹ́ àkọ́kọ́, ẹ jókòó tì í fún wákàtí kan, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì. Tó bá gbóná débi tọ́wọ́ ò gbà á, ẹ dá ṣáájì dúró látinú ọkọ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ má sì lo sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn mọ́ títí oníṣẹ́ iná á fi dé.