Káàdì tí mo gbé lọ sí Lisbon lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbé káàdì kírẹ́díìtì, èyí téèyàn fi ń ná owó báńkì tí á sì san án padà tó bá yá, kúrò ní London lọ sí Lisbon. Káàdì tí báńkì mi ti fún mi tipẹ́ ni mo gbé lọ nígbà àkọ́kọ́. Èyí tí mo gbé lọ nígbà kejì, ìrìnàjò ni mo torí ẹ̀ gbà á, nítorí kì í bu owó lé ohun téèyàn bá rà lókè òkun. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ àfi tí mo bá kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi pẹ̀lú ti àkọ́kọ́.

€480 ni owó òtẹ́ẹ̀lì wa. Ọmọbìnrin tó ń gbowó na ẹ̀rọ POS sí mi, iye méjì ló wà lójú rẹ̀: €480 àti £436. Ó ní kí n mú ọ̀kan. Pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń san owó oṣù mi, òun náà ni mo fi ń ṣírò, ni mo bá tẹ pọ́n-ùn. Àfìgbà tá a wọ yàrá tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó wá bá mi láti Ìbàdàn, bi mí pé, "Ta ló bá ẹ ṣẹ́ owó yẹn?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo rò pé báńkì mi ni. Àṣé àwọn tó ni ẹ̀rọ POS ló ṣẹ́ ẹ, ní iye tó wù wọ́n, èrè wọn sì ti wà nínú rẹ̀. Ká ní yúrò ni mo tẹ̀, bí Mastercard ṣe ń ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ yẹn, nǹkan bí £413 ni ì bá jẹ́. Kódà tí báńkì mi bá fi 2.99% tirẹ̀ lé e, kò ní ju £426 lọ. Ẹ̀gbọ́n mi mọ èyí torí pé owó tiẹ̀ kì í ṣe owó téèyàn ń fi ṣeré. Ní ìparí ọdún 2022 ni ọ̀pọ̀ báńkì ní Nàìjíríà dá káàdì náírà dúró lókè òkun, kò sì fọkàn tán an mọ́. Káàdì dọ́là ló mú wá, ó sì ti bi òṣìṣẹ́ báńkì rẹ̀ ní gbogbo ìbéèrè kó tó wọkọ̀ òfuurufú. Gbogbo ibi tá a dé, yúrò ló ń tẹ̀.

Mo tún ṣe àṣìṣe kan. Ilé oúnjẹ kékeré kan ò gba káàdì kankan yàtọ̀ sí Multibanco, tàwọn Potogí fúnra wọn, ni mo bá fi káàdì kírẹ́díìtì yọ €100 lẹ́nu ATM. Tí ẹ bá fi káàdì yìí ra ọjà, tí ẹ san gbogbo rẹ̀ kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, kò ní sí èlé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi yọ owó, ọjọ́ yẹn gan-an ni èlé ti ń gun orí rẹ̀. Káàdì tuntun yìí náà kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Káàdì tó so mọ́ àkáǹtì mi ni mo fi ń yọ owó báyìí.

Nígbà kejì, òtẹ́ẹ̀lì kan náà, €480 kan náà. Mo tẹ yúrò, £412 àti pẹ́ńsì díẹ̀ ló jáde lórí fóònù mi. Inú mi dùn gan-an.

A háyà mọ́tò lọ sí Lagos. Ìlú kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gúúsù Potogí, nǹkan bí 300 kìlómítà sí Lisbon, ẹ̀gbọ́n mi sì ní dandan òun gbọ́dọ̀ débẹ̀. Àwọn tó ni mọ́tò de €1,200 mọ́lẹ̀ lórí káàdì mi. Wọn ò gbà á o, wọ́n kàn dè é ni, bóyá a máa fi ọkọ̀ ha nǹkan. Ká ní káàdì àkáǹtì mi ni, owó oṣù mi ni ì bá há síbẹ̀. Ti kírẹ́díìtì, owó báńkì ni wọ́n dè. Síbẹ̀, ó fún mi lọ́rùn: £1,800 péré ni gbèsè tí wọ́n gbà mí láyè láti jẹ, ohun tó kù fún mi kò tó £800, bẹ́ẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì ṣì ń dúró de owó rẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú nípa káàdì yìí ni kódù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù kí wọ́n tó jẹ́ kéèyàn ra nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ti yọ síìmù London mi, mo ti ki ti Potogí bọ̀ ọ́. Kódù ò dé. Nígbà tí mo pe wọ́n, ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi dúró lórí fóònù. Ẹ má yọ síìmù yín.

Èyí tó mú mi gbà pé káàdì yìí wúlò rèé. Mo ti san £160 láti háyà ọkọ̀ ojú omi kékeré kan fún ọjọ́ kan. Ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé kí ọjọ́ wa tó pé, kò sẹ́ni tó gbé fóònù. Abala 75 nínú òfin kírẹ́díìtì tí wọ́n ṣe ní Britain lọ́dún 1974 sọ pé tí ohun téèyàn fi káàdì kírẹ́díìtì rà bá ju £100 lọ, tí kò sì ju £30,000 lọ, báńkì náà jẹ̀bi pẹ̀lú ẹni tó tà á. Mo kọ̀wé sí wọn, mo fi rìsíìtì síi, wọ́n sì dá £160 mi padà pátá.

Ọjọ́ kẹsàn-án tá a dá mọ́tò padà ni wọ́n tú €1,200 yẹn sílẹ̀. Mo ti ní kí báńkì máa yọ gbogbo gbèsè náà fúnra wọn ní ìparí oṣù, mo sì ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ £1,800 di £3,000 ká tó tún lọ.