Spider-Man 2 àti Spider-Man 3: Èwo Ló Mọ Peter Parker Jù?

Sam Raimi ló darí fíìmù méjèèjì, Tobey Maguire ló sì ṣe Peter Parker, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wọ aṣọ Spider-Man ní ìkọ̀kọ̀, síbẹ̀ àríyànjiyàn àwọn olólùfẹ́ wọn kò tíì tán.

Nínú èyí tó jáde ní 2004, ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé Peter lọ́kàn: ṣé kó máa gba ará ìlú là ni, àbí kó gbé ayé tirẹ̀? Owó ilé ń dà á láàmú, agbára rẹ̀ ń já a kulẹ̀, títí ó fi ju aṣọ Spider-Man rẹ̀ sínú garawa ìdọ̀tí. Ẹ wo ìgbà tó dá ọkọ̀ ojú irin dúró: ó dákú, àwọn èrò nawọ́ gbé e wọlé, wọ́n rí i pé ọ̀dọ́mọdé lásán ni, wọ́n sì bo àṣírí rẹ̀. Ibẹ̀ yẹn nìkan ti tó mi.

Ti 2007 kó ọ̀tá mẹ́ta jọ: Sandman, ọkùnrin tí ara rẹ̀ di iyanrìn; Harry, ọ̀rẹ́ Peter; àti Venom, ẹ̀dá dúdú tí Eddie Brock dà. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn ní ó láyà jù, torí ó fi ìgbéraga àti ìbínú Peter hàn wá. Mo gbà pẹ̀lú wọn lórí Sandman. Bí iyanrìn yẹn ṣe ń tiraka láti dìde, tó ń nawọ́ sí ẹ̀gbà ọrùn tí àwòrán ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó wọ̀ mí lọ́kàn gan-an. Ṣùgbọ́n Venom pẹ́ kó tó dé, a kò sì ráyè mọ Eddie Brock dáadáa. Ti 2004 ni mo fara mọ́, àmọ́ ká ní wọ́n yọ Venom kúrò ni, ìdáríjì tí Peter fún Sandman lórí ikú Ben tó tọ́ ọ dàgbà ì bá ráyè mí.