Plántà ọlọ́wọ́ méjì tí mo fi ń gbin àgbàdo láì túlẹ̀, ẹ wá gbọ́ bó ṣe rí

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará oko. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa plántà tí mo dè mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà bọ̀ láti Ìbàdàn, ó yá, mo ti lò ó fún àkọ́rọ̀, mo ti lò ó fún àrọ̀kúrò, mo ti lè sọ̀rọ̀ báyìí.

Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń so mọ́ kàtàkàtà o. Igi méjì ni, wọ́n kàn wọ́n pọ̀ láàárín bí ẹ̀mú, àpótí kékeré méjì wà lára ẹ̀, ọ̀kan fún irúgbìn ọ̀kan fún fatiláísà, irin ṣóńṣó sì wà nísàlẹ̀. Ẹ ó ya igi méjèèjì, ẹ ó gún un wọlẹ̀, ẹ ó wá pa wọ́n dé, ẹnu irin yẹn á là nínú ilẹ̀, èso á já bọ́, ẹ fà á yọ, ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó tán. Ìdúró lẹ máa wà, kò sí pé à ń bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀yìn máa ro wá. Matraca làwọn ará Brazil ń pè é, torí ariwo kà-kà-kà tó ń pa.

Kí ló dé tí mo rà á? Oko mi ní Ìsẹ́yìn dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀, iyanrìn ló sì pọ̀ níbẹ̀. Ọdọọdún là ń sanwó kí kàtàkàtà wá túlẹ̀ kó tún wá fọ́ ọ wẹ́wẹ́, tí òjò ńlá kan bá ti rọ̀ báyìí, ọ̀gbàrá á gbá ilẹ̀ dúdú orí yẹn lọ sódò, á ku tàárà sílẹ̀ fún èmi tí mo sanwó. Àwọn kan ń sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni àìtúlẹ̀. Òyìnbó bí ti báwo? Bàbá bàbá mi ṣán igbó, ó fi àdá gbẹ́hò, ó ju àgbàdo sí i, ó fẹsẹ̀ bò ó. Ìbàdàn níbí náà ni Rattan Lal, onímọ̀ nípa ilẹ̀, ará Íńdíà, wà ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ yẹn, láti 1970 títí di 1987, tó ń ṣèwádìí lórí bí wọ́n ṣe lè dáko láì túlẹ̀ kí ọ̀gbàrá má baà kó ilẹ̀ lọ, ó sì gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 2020.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tó ti dùn mí. Àkọ́kọ́, fatiláísà. Plántà yìí ń jù ú sí ẹ̀gbẹ́ èso gan-an, ó jó èso mi lójú ilẹ̀ méjì, mo tún wọn gbìn. Tí afẹ́fẹ́ bá tún tutù, fatiláísà NPK yẹn á di bí ẹ̀kọ nínú àpótí. Mi ò fi nǹkan kan sí àpótí yẹn mọ́, ọwọ́ ni mo fi ń bu fatiláísà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Èkejì, ihò tó ń ka èso tóbi jù, ó ń ju mẹ́ta mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, mo pe ẹni tó tà á fún mi, kò gbé fóònù, wẹ́dà àdúgbò ló bá mi fi páànù dín in kù. Bẹ́ẹ̀ ni tí ilẹ̀ bá rin jù, ẹrẹ̀ á di ẹnu irin yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ mú igi tín-ínrín dání kẹ́ ẹ máa fi họ ọ́.

Ṣùgbọ́n koríko gan-an niṣẹ́ o! Kàtàkàtà ló ń bá yín sin koríko tẹ́lẹ̀, tẹ́ ò bá pè é mọ́, ẹ̀yin lẹ ó kojú koríko ẹ̀kan. Mo fọ́n glyphosate, oògùn apakoríko, bíi ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó gbìn, torí òun ló ń dé gbòǹgbò. Ẹnì kan ní kí n gba paraquat, oògùn apakoríko mìíràn, pé ó yá jù, àfi bíi pé kò gbọ́ pé NAFDAC ti fòfin dè é láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ewé lásán ló sì ń jó, ẹ̀kan á tún hù. Síbẹ̀síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún ro oko ní àkọ́rọ̀, àgbàdo tí mo sì ká kò tó ti aládùúgbò mi tó túlẹ̀. Mi ò ní purọ́.

Àrọ̀kúrò ló yí ọ̀rọ̀ padà. Mi ò sun pòròpórò, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó bo ilẹ̀. Òjò wá dá fún bí ọjọ́ mẹ́wàá, ewé àgbàdo aládùúgbò mi yẹn ká bí òwú, tèmi dúró, mo ṣí pòròpórò, ilẹ̀ ṣì tutù, ekòló wà níbẹ̀! Kẹ́ ẹ kàn ṣọ́ màálù lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni, pòròpórò yẹn oúnjẹ ni lójú tiwọn.

Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ọjọ́ kan àbọ̀ gbin éékà méjì, 75 sẹ̀ǹtímítà láàárín ìlà, 50 láàárín ihò, méjì méjì nínú ihò kan. Ẹ tẹ ihò yẹn dáadáa, àparò ń wò yín. Ẹni tó bá fẹ́ gbin iṣu, kó lọ kọ ebè ẹ̀ jàre, kì í ṣe tèyí.

Méje nínú mẹ́wàá ni mo fún un. Owó ẹ̀ ò ju ohun tí kàtàkàtà gbà lórí éékà kan lọ́wọ́ mi. Ẹ má bẹ̀ mí pé kí n yá yín, aládùúgbò mi yẹn ti gbé e lọ láti Sátidé, kò tíì dá a padà.