Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí jíjà fún ẹ̀tọ́ ọmọdé: ohun tí mo rí gbà níbẹ̀, àti ohun tí mi ò rí

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ta mí lára jù bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ nínú ẹ̀kọ́ yìí, ojú ìwé méjì gbáko ni. Mo fi ìdajì ojú ìwé àkọ́kọ́ sọ pé ọmọ ni ọ̀la wa, pé ọmọ ni èrè ayé, pé ìlú tí kò bá tọ́jú ọmọ ti tẹ́. Nígbà tó padà dé láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ wa, ìlà pupa ti gba gbogbo ìdajì ojú ìwé yẹn kọjá látòkè délẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Ta lẹ fẹ́ kó ṣe é? Kí lẹ fẹ́ kó ṣe gan-an? Ìgbà wo lẹ fẹ́ kó parí?" Inú bí mi. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo lọ sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo tún lẹ́tà náà kà, mi ò rí ìdáhùn sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbẹ̀.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, kíláàsì karùn-ún ni mò ń kọ́. Mi ò kọ́ṣẹ́ òfin, mi ò sì sí nínú ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kankan. Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni pé àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ wa kéde pé àwọn fẹ́ gbọ́ èrò ará ìlú lórí ìlànà tuntun tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ilé ẹ̀kọ́. Gbogbo ohun tí mo máa ń sọ nínú yàrá àwọn olùkọ́ látọdún yìí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ tí aláṣẹ á fi kà á dópin. Ni mo bá wá ẹ̀kọ́ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é, torí èmi pẹ̀lú wọn ṣì ní ẹjọ́ tí kò tíì parí lórí ìwé ẹ̀rí. Ẹ máa rí i níwájú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, fídíò méjì lọ́sẹ̀, iṣẹ́ àṣetiléwá kan, àti olùkọ́ tó ń fi ojú ara rẹ̀ ka ohun téèyàn kọ. Àwọn fídíò náà gùn jù, ohùn sì ń já nínú mélòó kan. Ó tán.

Ìtàn ni wọ́n fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe, ó sì pọ̀ ju ohun tó yẹ lọ. Èyí tí mi ò kábàámọ̀ pé mo gbọ́ ni ti Eglantyne Jebb, obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Lọ́dún 1919, Ogun Àgbáyé Kìíní ti parí, ṣùgbọ́n ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò tíì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìdènà tí kò jẹ́ kí oúnjẹ wọ ilẹ̀ àwọn tí wọ́n bá jagun. Obìnrin yìí gbé ìwé tó ní àwòrán ọmọ tí ebi ti sọ di egungun lọ sí Trafalgar Square ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń pín in fún èèyàn. Wọ́n mú un, wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́, wọ́n sì ní kó san owó ìtanràn. Agbẹjọ́rò ìjọba tó pè é lẹ́jọ́ ló fún un ní owó náà látinú àpò ara rẹ̀. Ọdún yẹn gan-an lòun àti Dorothy Buxton, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, dá Save the Children, ẹgbẹ́ tó ń ran ọmọdé lọ́wọ́, sílẹ̀. Ohun márùn-ún tó kọ sílẹ̀ nípa ohun tí aráyé jẹ ọmọdé ní gbèsè ni Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè (League of Nations), tó ṣáájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tẹ́wọ́ gbà ní Geneva lọ́dún 1924. Olùkọ́ wa ní ká fi ojú mìíràn wo ìwé tí obìnrin yìí ń pín. Àwòrán wà níbẹ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin tó ń fa ebi náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti ìjọba tó lè fòpin sí i. Ìbéèrè mẹ́ta olùkọ́ wa ló tún padà wá yẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1989. Abala 54 ló ní, orílẹ̀-èdè 196 ló sì ti wọnú rẹ̀. Amẹ́ríkà buwọ́ lù ú lọ́dún 1995, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ọ́ di ohun tó dè é títí dòní. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́, abala 28 tó ní kí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ dandan kó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ nìkan ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ̀ pé eré ọmọdé pàápàá ní abala tirẹ̀, abala 31. Mi ò sì mọ abala 42, tó ní kí ìjọba rí i dájú pé àgbà àti ọmọdé ló mọ ohun tó wà nínú àdéhùn náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ti Sweden fún wa. Òun ló kọ́kọ́ fòfin de nína ọmọ láyé, lọ́dún 1979, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ òfin náà sára páálí mílíìkì, kí ìyá, bàbá àti ọmọ lè jọ kà á lórí tábìlì láàárọ̀. Mo ti ń ronú ọ̀rọ̀ páálí yẹn látìgbà náà. Àwọn òfin tó wà fún ọmọ tèmi ní kíláàsì, inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n wà.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kẹta nìkan lẹ máa ṣe, ẹ ṣe é. Ìwé ìṣúná ni wọ́n fi kọ́ wa. Wọ́n gbé ojú ìwé kan tí àwọn fúnra wọn ṣẹ̀dá sílẹ̀, ó ní òpó mẹ́ta: iye tí àwọn aṣòfin fọwọ́ sí, iye tí wọ́n tú sílẹ̀, iye tí wọ́n ná. Wọ́n ní ká wá owó àwọn ọmọdé jáde nínú rẹ̀. Gbogbo wa ló sáré lọ sí ìlà tí wọ́n kọ "àtúnṣe ilé ẹ̀kọ́" sí, a rí owó ńlá, inú wa dùn. Olùkọ́ ní ká wo òpó kejì: kò tó ìdajì. Ó ní ká wo òpó kẹta, ká tún ka àlàyé kékeré tó wà nísàlẹ̀ ìwé: apá tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ná, ọ́fíìsì ni wọ́n fi tún ṣe. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ "a ti ya owó sọ́tọ̀" lẹ́nu àwọn èèyàn. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lè má kúrò níbi tí wọ́n yà á sí.

Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tó wà ní Geneva, tó ń wo bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ń tẹ̀ lé àdéhùn náà, ṣe àlàyé gígùn kan lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2016. Wọ́n pín ìrìn àjò owó ìjọba sí ọ̀nà mẹ́rin: ìgbà tí wọ́n ń gbèrò rẹ̀, ìgbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí i, ìgbà tí wọ́n ń ná an, àti ìgbà tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí wọ́n ná an tán. Àwa ará ìlú, ìgbà ìfọwọ́sí la máa ń gbé páálí ìfẹ̀hónúhàn wa dé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀, ọjà sì ti tú nígbà yẹn. Ìgbà tí wọ́n ń gbèrò ló yẹ ká ti wà níbẹ̀, nígbà tí ẹnì kan ṣì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó ń ronú iye tó máa tẹ̀ síwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún fi ìkéde lórí ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe ní Incheon, ní South Korea, lọ́dún 2015 hàn wá, níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè ti ní kí ẹ̀kọ́ máa gba ó kéré tán ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ìjọba ń ná. Ẹnì kan nínú wa ní òun máa kọ ìyẹn sínú lẹ́tà òun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ sọ òpó tí ẹ ń bá wọn sọ."

Ó dáa. Ibi tó ti bàjẹ́ wá ńkọ́?

Abala 12 nínú Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní kí ọmọ tó bá ti lè ní èrò tirẹ̀ máa sọ ọ́ lórí gbogbo ohun tó bá kàn án, kí wọ́n sì fún èrò náà ní ìwọ̀n tó bá ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ mu. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni wọ́n tó dé orí ìyẹn, lẹ́yìn tí gbogbo wa ti kọ lẹ́tà wa tán ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Fídíò kan ṣoṣo ni, kò ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Nínú gbogbo fídíò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mi ò gbọ́ ohùn ọmọ kan. Àwa mélòó kan tó ń sọ Yorùbá níbẹ̀ ní ẹgbẹ́ kékeré lórí WhatsApp, ẹ ò rí i bí "ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n" ṣe ń fò káàkiri níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Mo bi wọ́n pé ta ló ti bi ọmọ kan ní ohun kan nínú wa. Ibẹ̀ dákẹ́ lọ kanlẹ̀. Èmi náà ò tíì bi ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo béèrè fún nínú lẹ́tà tèmi ni yàrá ìkàwé. Mo ti tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta, olùkọ́ wa ti yìn mí. Mo wá mú ọmọ mẹ́sàn-án nínú kíláàsì mi tó wù láti kópa, tí òbí wọn gbà, mo fún wọn ní ìwé pélébé, mo ní kí wọ́n má kọ orúkọ. Ìbéèrè kan ni: tí ẹ bá lè yí ohun kan padà nílé ẹ̀kọ́ yìí, kí ni? Ẹnì kan kọ bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan kọ pé kí a dín iṣẹ́ àṣetiléwá kù (mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà). Ẹnì kan kọ ìwé ìtàn, inú mi dùn díẹ̀. Mẹ́fà yòókù, ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ báyìí: "Mi ò kì í mu omi láàárọ̀ torí kí n má bàa lọ."

Mo jókòó ti ìwé pélébé yẹn fún ìgbà díẹ̀. Mò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilẹ̀kùn náà lójoojúmọ́. Èmi àtàwọn ọmọ lọ kà wọ́n: mọ́kànlá ni, mẹ́rin péré ló ṣeé tì láti inú. Mo wá ní kí ọ̀gá wa fi fọ́ọ̀mù tí àwọn alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ máa ń lò hàn mí. Iye ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ni fọ́ọ̀mù náà béèrè. Ìyẹn ni pé lójú ìjọba, mọ́kànlá la ní, kò sì sí ohun tó ṣe wá.

Mo ya lẹ́tà yàrá ìkàwé sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo kọ òmíràn, kò tó ojú ìwé kan. Ta ni: ẹ̀ka àbẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́. Kí ni: kí wọ́n fi ìbéèrè kan kún fọ́ọ̀mù, pé mélòó ló ní ilẹ̀kùn tí ọmọ lè tì láti inú, kí ìlànà tuntun sì ní kí gbogbo wọn ṣeé tì. Ìgbà wo: kí ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà ìpàdé tí àwọn aláṣẹ fi gbọ́ èrò ará ìlú, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún mi. Ọ̀gá kan bi mí pé, "Mà, ta ló ka àwọn ilẹ̀kùn yìí?" Mo ní àwọn ọmọ ni, èmi náà sì wà níbẹ̀. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ìlànà náà ò tíì jáde. Mo padà sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọ, torí àlàyé tí Ìgbìmọ̀ Geneva ṣe lórí abala 12 lọ́dún 2009 ní kí á máa jẹ́ kí ọmọ mọ ohun tí a fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. (Ohun tó dára jù nínú fídíò ọ̀sẹ̀ karùn-ún nìyẹn, mi ò lè fi dù wọ́n.) Wọ́n bi mí bóyá àwọn aláṣẹ á ka lẹ́tà náà. Mo ní mi ò mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà wà fún àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́: bí orílẹ̀-èdè ṣe ń jábọ̀ fún àwọn amòye 18 inú Ìgbìmọ̀ náà ní ọdún márùn-márùn-ún, àti bí ẹgbẹ́ ṣe lè fi ìròyìn tirẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìjọba. Ó wúlò, àmọ́ ọ̀nà ti jìn sí mi níbẹ̀.

Ti ìwé ẹ̀rí: ọ̀fẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀ nígbà tí mò ń forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní ẹ̀kọ́ ló jẹ́ ọ̀fẹ́, ìwé ẹ̀rí ní owó tirẹ̀. Mo san án. Wọ́n ṣi orúkọ mi kọ. Mo ti fi ímeèlì mẹ́ta ránṣẹ́, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn pé wọ́n ti gbọ́.

Olùkọ́, nọ́ọ̀sì, òbí tó wà nínú ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́, ẹ lè ṣe é. Agbẹjọ́rò ò ní rí ohun tuntun níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo fídíò ọ̀sẹ̀ karùn-ún kí ẹ tó kọ lẹ́tà ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọn ò ti ojú ewé náà pa, mo ti gbìyànjú ẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Tí wọ́n bá gbé ọ̀sẹ̀ karùn-ún wá sí ipò kejì, tí wọ́n sì tún orúkọ mi kọ, màá sọ ọ́ di mẹ́rin.