Olówó tó dá dúró àti olówó tó wọ ẹgbẹ́

Bí ọ̀rọ̀ ìbò bá ti dé ní Ìlọrin, ẹnìkan á sọ pé kí olówó tó mọ òwò ṣe dá dúró du ipò ààrẹ, kó lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn bàbá ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà máa ń wọ̀ mí lọ́kàn.

Ross Perot dán an wò ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1992. Òwò kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́ di olówó. Owó ara rẹ̀ ló fi ra àkókò lórí tẹlifíṣọ̀n, tó ń fi àtẹ ṣàlàyé gbèsè ìjọba fáwọn ará ìlú. Ó yọwọ́ ní oṣù Keje, ó tún padà ní oṣù Kẹwàá. Lójú tèmi, ìyẹn pa á lára. Síbẹ̀, bí ìdá 19 nínú 100 ló dìbò fún un. Àmọ́ kò gba ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo!

MKO Abíọ́lá náà lówó, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ SDP ló fà á kalẹ̀ ní 1993. Ẹgbẹ́ ti ní èèyàn ní wọ́ọ̀dù, láti Ọ̀fà dé Kánò. Ó borí ní Kwara, ó borí ní Kánò tí í ṣe ìpínlẹ̀ Bashir Tofa, ẹni tí wọ́n jọ díje. Ìjọba ológun ló fagi lé ìbò náà. Ó ṣì ń dùn mí.

Ọ̀nà ẹgbẹ́ ni mo fara mọ́, nítorí owó kì í dúró ti àpótí ìbò ní abúlé. Ṣùgbọ́n òfin 1999 wa, abala 131, kò tilẹ̀ fàyè gba ẹni tí ẹgbẹ́ kò fà kalẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yẹn.