Ẹ ṣọ́ra fún fèrèsé "anodized" aláwọ̀ búróńsì tí kì í pẹ́ ṣá

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó kówó fún onífèrèsé. Alumíníọ̀mù aláwọ̀ búróńsì kan wà lọ́jà báyìí tí wọ́n ń pè ní anodized (èyí tí wọ́n fi iná mànàmáná sọ ojú rẹ̀ di líle), tí wọ́n sì ń gba owó anodized lé lórí, àmọ́ ayédèrú ni. Òun ni wọ́n fi ṣe fèrèsé ilé ìyá mi. Kò pẹ́ rárá tí àwọn tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn fi ṣá bíi tíì tí wàrà pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Mo pe ẹni tó tà á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, sìmẹ́ǹtì àwọn bíríkìlà yín ló jẹ ẹ́. Ẹ bi wọ́n irú ọṣẹ tí wọ́n fi nù ún." Ibi tí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ yìí ti lágbára nìyẹn, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tútù máa ń jẹ alumíníọ̀mù lóòótọ́, ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ táìsì náà sì ń jẹ ẹ́. Àmọ́ ibi tí sìmẹ́ǹtì bá ta sí nìkan ló ń fi àpá funfun sí. Oòrùn kì í yan ibì kan ní tirẹ̀. Gbogbo ojú tó bá rí ló ń ṣá bákan náà. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ kan fi súkúrù-dírẹ́fà gbé rọ́bà tó di gíláàsì mú sókè. Abẹ́ rẹ̀ ṣì pọ́n bí ìgbà tí wọ́n gbé e wá, ìlà tó sì là á láàárín gún régé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Sìmẹ́ǹtì kankan kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ wo abẹ́ rọ́bà tiyín.

Anodized gidi kì í ṣe ọ̀dà. Inú omi ásíìdì ni wọ́n ń ri alumíníọ̀mù sí, wọ́n á fi iná mànàmáná sí i, ojú rẹ̀ á di èèpo líle tó ní ihò tín-tìn-tín. Inú ihò yẹn ni àwọ̀ ń wọ̀, kí wọ́n tó fi omi gbígbóná dí ẹnu rẹ̀. Fún ohun tó máa wà níta, pàápàá létí òkun bíi Lẹ́kì, èèpo náà yẹ kó nípọn tó micron 20 tàbí 25 (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà). Micron 5 sí 10, inú ilé ló wà fún. Aró tí kò lè fara da oòrùn ni àwọn ayédèrú ń rọ sí i, wọn ò sì ní dí ihò náà dáadáa. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ ṣe wàhálà yẹn: ọ̀dà ni wọ́n fọ́n sí i.

Nítorí náà, ẹ mú òwú àti tínà dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi nu ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀dà tí wọ́n fọ́n, àwọ̀ á bá òwú lọ. Ẹ kán yíǹkì sórí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá òwú lọ, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ wá fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́. Tí àbàwọ́n bá kọ̀ tí kò lọ, wọn ò dí i. Oníṣọ́ọ̀bù lè fajúro. Kó máa fajúro lọ.

Tó bá jẹ́ powder coating (ọ̀dà oníyẹ̀fun tí wọ́n fi ooru yan mọ́ ojú alumíníọ̀mù) ni wọ́n ń tà fún yín, tí wọ́n ń fi ìwé Qualicoat, ìyẹn ìwé ẹ̀rí àgbáyé pé irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ dára, hàn, ẹ bèèrè class rẹ̀, ìyẹn ipele rẹ̀. Ìdánwò ọdún 1 nínú oòrùn Florida ni class 1 gbọ́dọ̀ yege; ọdún 3 ni ti class 2. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ dárúkọ èyí. Èyí tó bá ti ń bàjẹ́ máa ń fi ìyẹ̀fun funfun sí ìka ẹni tó bá fọwọ́ rá a.

Kí oníjìbìtì má baà rí àwáwí, ẹ fi ọ̀rá wé férémù títí wọn á fi rẹ́ ilé tán. Ọṣẹ tí kò le àti omi ló tó fún fífọ̀. Ẹ má gbé irin ìfọ̀kòkò súnmọ́ ọn.

Lórí rìsíìtì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ "anodized, micron 25", kì í ṣe "búróńsì" lásán. Ẹ tọ́jú ègé alumíníọ̀mù náà kan nínú àpótí tí oòrùn ò dé. Òun lẹ máa gbé sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó ṣá. Tí wọ́n bá kọ̀ láti dáwó padà, ẹ kó méjèèjì lọ fún FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà. A ti kó tiwa lọ.