Tápẹ́ẹ̀tì LS7 àti káàmù ńlá nínú Camaro 2002: ẹ dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi wọn píṣírọ́ọ̀dù

"Bí káàmù ńlá ṣe máa ń dún nìyẹn."

Ọmọkùnrin tó jókòó sí kàǹtà ṣọ́ọ̀bù tó pààrọ̀ káàmù Camaro mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Kò dìde, kò bá mi jáde, kò tilẹ̀ yíjú sí fèrèsé tí mọ́tò mi wà lẹ́yìn rẹ̀. Owó mi ti wọlé sọ́dọ̀ wọn ná. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń ṣe tá-tá-tá lápá ọ̀dọ̀ dírẹ́bà, bíi máṣíìnì ìránṣọ, ẹni tó yẹ kó wá gbọ́ ọ sì ní kò sí nǹkan kan. Ohun tó mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí nìyẹn. Àwọn ọmọ wa tó ń ra mọ́tò V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) àtijọ́ ní Houston níbí ti ń pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ wọn ló sì máa fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ tí mo ṣe yìí.

Mi ò ní fi LS1, ẹ́ńjìnì inú Camaro yìí, dá yín dúró. Ẹni tó bá ní ọ̀kan mọ̀ ọ́n: lítà 5.7, káàmù kan ṣoṣo láàárín búlọ́ọ̀kù (irin tó ń yí láti ṣí fáàfù), tápẹ́ẹ̀tì 16 tó ń gun orí káàmù, píṣírọ́ọ̀dù 16, ìyẹn ọ̀pá tó ń ti tápẹ́ẹ̀tì lọ bá rọ́kà tó ń tẹ fáàfù. Káàmù 224/228 (iye dígírì tó fi ń ṣí fáàfù ìwọlé àti ti ìjáde) ni mo ní kí wọ́n bá mi fi sí i, pẹ̀lú sípíríńgì fáàfù tó lè gbé e, ṣéènì tuntun àti pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì tuntun. Ọ̀rọ̀ tápẹ́ẹ̀tì ló gùn.

Kí n má purọ́ mọ́ ọmọ kàǹtà náà o. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, òun gan-an ló la ojú mi. Èèyàn lè pààrọ̀ káàmù LS1 láì tú tọ́pù sílíńdà. Wọ́n á yí káàmù àtijọ́ títí gbogbo tápẹ́ẹ̀tì á fi gòkè, ike tó ń tọ́ wọn sọ́nà á gbá wọn mú síbẹ̀, wọ́n á wá fa káàmù jáde níwájú. Owó ọwọ́ rẹ̀ kéré, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tápẹ́ẹ̀tì tó ti jẹ ọ̀pọ̀ máìlì lẹ́ ń dá padà sórí káàmù tuntun yẹn. Ó mú ọ̀kan jáde láti inú dúrọ́ọ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi àtàǹpàkò yí róòlà rẹ̀. Ó ń há, ojú rẹ̀ sì ti jẹ. Ó ní bí róòlà yẹn bá fọ́, àwọn abẹ́rẹ́ kéékèèké inú rẹ̀ á dà sínú ọ́ìlì, káàmù á bá a lọ. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mo ti ń wo tápẹ́ẹ̀tì olówó ńlá, èyí tí wọ́n fi irin so méjì-méjì pọ̀, tí kò nílò ike kankan. Òun ló ní kí n má náwó yẹn. Fún sípíríńgì tí mo rà àti bí mo ṣe ń wa mọ́tò, ó ní ti LS7 tó, ìyẹn irú èyí tó wà nínú Corvette Z06 ọdún 2006. Ó fi ike tuntun mẹ́rin kún un, nítorí ooru máa ń sọ ike àtijọ́ di gan-gan. Bí ike bá ti gbó, tápẹ́ẹ̀tì lè yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ihò rẹ̀, róòlà á wá máa fá ojú káàmù dípò kó yí lórí rẹ̀. Bóòtì tọ́pù sílíńdà tuntun wà nínú ìwé owó kí n tó béèrè, torí ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lo irú bóòtì yẹn, ó máa ń fà. Mo rò lọ́kàn mi pé mo ti bá àwọn tó mọṣẹ́ pàdé.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gbé e, mo tá a ní tútù, ara mi yá gágá! Silọ́ọ̀ rẹ̀ ti yàtọ̀ pátápátá. Ó ń gbọ̀n, ó ń sọ̀rọ̀, àwọn tó dúró sí ojúlé kejì yíjú. Mo gùn ún bọ́ sí títì Beltway 8, mo tẹ iná sí i lẹ́ẹ̀kan, ìyàtọ̀ tó wà lókè kì í ṣe kékeré. Ìgbà tí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa ni tá-tá-tá yẹn bẹ̀rẹ̀. Mo padà lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi pé bó ṣe máa ń dún nìyẹn.

Èmi mọ bí káàmù ńlá ṣe ń dún. Ohùn káàmù ń gba ẹ̀yìn jáde, láti inú sàléńsà. Èyí tí mo gbọ́ ń bọ̀ láti abẹ́ ìdérí fáàfù, irin ń lu irin. Mo ní kó pe ọ̀gá rẹ̀. Fóòmánù jáde, ó tẹ́tí fún bí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó ní kí n wà á fún ẹgbẹ̀rún máìlì ná, á jókòó. Mo bi í pé kí ló máa jókòó? Kò dáhùn. Ó ní kí n ra kẹ́míkà zinc kan, kí n fi sí ọ́ìlì, kí n sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa yí ní ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan fún ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí mi nínú jù. Tápẹ́ẹ̀tì ayé àtijọ́ tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, kí òun àti káàmù lè mọ ara wọn. Oníróòlà ni tèmi. Ẹni tó dè é gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ariwo wa ló mú ẹ̀gbọ́n kan jáde láti ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń fá tọ́pù sílíńdà. Ó gbọ́ ohùn mi, ó sì mọ ibi tí mo ti wá.

"Àbúrò, ilé ńkọ́?"

"A dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Tá a padà, jẹ́ n gbọ́."

Ó fi sukurúdíráfà gígùn kan ìdérí fáàfù, ó fi etí sí ìdí rẹ̀, ó ń sún un láti iwájú lọ sẹ́yìn. "Ó tó. Pa á." Ó wá kọjú sí fóòmánù: "Ta ló wọn píṣírọ́ọ̀dù yìí?" Fóòmánù ní 7.400 ìnṣì làwọn ń lò fún gbogbo LS. Ẹ̀gbọ́n ní, "Mi ò bi yín léèrè ohun tí ẹ máa ń lò." Kẹ́kẹ́ pa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Tápẹ́ẹ̀tì yìí ní písítìnì kékeré nínú, ọ́ìlì ló sì ń gbé e. Píṣírọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀ kí àlàfo kankan má baà sí. Rọ́kà LS1 kò ṣeé tún tò: ẹ máa dè é dé 22 fúùtù-páùńdì ni, ó parí. Gígùn píṣírọ́ọ̀dù nìkan ló kù láti fi tọ́ ọ. Káàmù ńlá, kí ó lè gbé fáàfù ga, wọ́n sábà máa ń gé apá róbótó ẹ̀yìn rẹ̀ kéré ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Tápẹ́ẹ̀tì á wá jókòó nísàlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, píṣírọ́ọ̀dù àtijọ́ kò ní tẹ̀ ẹ́ tó mọ́. Àìwọ̀n ló fà á. Tápẹ́ẹ̀tì kò ní àbùkù rárá.

Ẹ̀gbọ́n ṣí ìdérí lójú mi, ó tú rọ́kà, ó yí ẹ́ńjìnì títí fáàfù yẹn fi tì pátápátá. Ó mú píṣírọ́ọ̀dù ìwọ̀n tó ń gùn tó ń kúrú, ó ní, "Fi ìka yí i, àbúrò. Má fagbára." Mo yí i títí àlàfo fi tán, ó kà á, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n lápá méjèèjì, torí ó ní wọ́n lè yàtọ̀ síra. Ibi tó yẹ kí tápẹ́ẹ̀tì ti wọlé tó 0.070 ìnṣì, 0.020 péré ló wọlé. Ó ní kí wọ́n bá mi wá 7.450. Nígbà tí wọ́n fi sí i tán, ó ní kí n lọ gbóná mọ́tò náà, kí n wà á jìnnà, kí n tó padà wá. Ní oòrùn Houston, lẹ́yìn tí mo lọ dé ìlú Katy tí mo padà, kẹ́kẹ́ kan kò dún lábẹ́ ìdérí. Ohùn káàmù nìkan ló kù.

Inú mi ti rọ̀ kí wọ́n tó gbé ìwé owó jáde. Píṣírọ́ọ̀dù tuntun, mo san án, ó tọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ owó iṣẹ́ ìtúṣí ẹlẹ́ẹ̀kejì sí i, wọ́n ní "ìbéèrè oníbàárà". Ìbéèrè ta ni? A fà á títí wọ́n fi yọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ní "ẹ má bínú". Ọmọ kàǹtà kò gbé ojú sókè.

Àwọn tó ku díẹ̀: wọ́n tún ọpọlọ mọ́tò tò dáadáa, àyàfi pé silọ́ọ̀ ń já tí ẹ̀rọ amúlétutù bá wà ní títàn. Wọ́n ṣe èyí lẹ́ẹ̀kejì lọ́fẹ̀ẹ́. Epo bẹntiróòlù tó ń jẹ ti pọ̀ sí i nínú ìlú. Mo ti retí ìyẹn.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó dé ìdérí fáàfù: mélòó lẹ bá nígbà tẹ́ ẹ wọn píṣírọ́ọ̀dù? Bí wọn ò bá lè fi ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn yín, ẹ má gbé mọ́tò yín kúrò níbẹ̀.

Tápẹ́ẹ̀tì LS7: 5 nínú 5. Kàǹtà: 1. Ṣọ́ọ̀bù lápapọ̀: 4 nínú 5. Mo sì máa gbé tọ́pù sílíńdà mọ́tò ìyàwó mi lọ síbẹ̀ láti fá, tí ẹ̀gbọ́n yẹn bá ṣì wà lẹ́yìn.